Ọjọ́bọ̀ ní Alágbàká: ìrírí mi lọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn tuntun

Agbaninímọ̀ràn mi àkọ́kọ́, ẹni tí mò ń sọ ẹ̀dùn ọkàn mi fún, kó lọ sí Kánádà. Oṣù méjì ṣáájú ló ti sọ fún mi, ó sì fún mi ní nọ́ńbà ẹlòmíràn tí mo lè lọ bá. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tó lọ gan-an, mo jókòó sídìí maṣíìnì mi ní Òkè-Ìjẹ̀bú, ní Àkúrẹ́, n kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Oṣù méje ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ó mọ bí màmá mi ṣe dùbúlẹ̀ àìsàn rọpá-rọsẹ̀ fún ọdún mẹ́rin nínú ilé wa ní Òkè-Àró. Ó mọ ẹni tó wá wò wọ́n àti ẹni tí kò wá. Ó mọ ìdí tí oorun fi máa ń dá lójú mi ní aago méjì òru láti ìgbà tí a ti sin wọ́n. Pé kí n tún lọ bẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn lọ́dọ̀ ẹni tí n kò mọ̀ rí, lójú mi, bí ìgbà tí wọ́n ní kí n tún màmá mi sin ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi sún un síwájú. Mò ń sọ fún ara mi pé ara mi ti yá. Lọ́jọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ mi rán bọ́tìnnì síbi tí kò yẹ, mo gbá a létí. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, n kò na ọmọ iṣẹ́ rí. Ọmọ náà kò sunkún, ó kàn ń wò mí bí ẹni pé èmi kọ́ ló wà níwájú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe nọ́ńbà yẹn.

Orúkọ tí à ń pe iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó máa ń ṣini lọ́nà. Agbaninímọ̀ràn. Téèyàn bá gbọ́ ọ, á rò pé òun máa lọ jókòó síwájú àgbà kan, òun á rojọ́, àgbà náà á mí kanlẹ̀, á pa òwe, á sì sọ ohun tí òun máa ṣe. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ẹbí nìyẹn, bí pásítọ̀ náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. (Nígbà tí mo fi òyìnbó pe orúkọ iṣẹ́ náà fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa ló rò pé mò ń lọ rí, ó ní kí n bá òun béèrè ọ̀rọ̀ gọ́tà àdúgbò.) Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: ìmọ̀ràn kọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Ìbéèrè ni. Ìbéèrè ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ìbéèrè ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó yẹ kó tètè yé èmi tí mo jẹ́ aránṣọ, nítorí kò sí oníbàárà tó wọlé tí mo máa fa sísọ́ọ̀sì yọ kí n tó fa téèpù yọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń wọ̀n, ara mi kò gbà á.

Ọ́fíìsì náà wà ní Alágbàká, lókè ilé alájà kan. Obìnrin náà kéré sí mi dáadáa, bóyá ló fi lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mo wò ó, mo ní nínú ọkàn mi pé, kí ni ọmọ yìí mọ̀?

Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi. Orúkọ, ọjọ́ orí, òògùn tí mò ń lò, bí mo ṣe ń sùn, bí mo ṣe ń jẹun, ẹni tí wọ́n lè pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìyẹn rọrùn. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ti ní àìsàn ọpọlọ rí, ọwọ́ mi dúró. Gbogbo wa la mọ ìbéèrè yẹn. Òun ni àwọn ẹbí máa ń bá kiri lábẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá gbọ́ pé wèrè wà nínú ìdílé kan, wọ́n á dá ọ̀rọ̀ náà dúró láìsọ ìdí. Àbúrò màmá mi ọkùnrin kan wà tí wọ́n gbé lọ sí Àrò, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ó padà wálé, ó ń dá oko kòkó rẹ̀, ó bímọ mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ Àrò nílé wa mọ́. Mo kọ "Kò sí" sínú fọ́ọ̀mù náà, mo fọwọ́ sí i.

Ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún kí n tó tún un ṣe. Kò bá mi wí. Ó kàn béèrè ohun tí mo rántí nípa àbúrò màmá mi yẹn, mo sì bá ara mi níbi tí mo ti ń sọ nípa ọkùnrin tó máa ń fi okùn ọ̀pẹ hun agbọ̀n kékeré fún mi, tí n kò dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Agbaninímọ̀ràn náà ló sọ fún mi pé nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò ní 1954, ó máa ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú àwọn abúlé tó wà nítòsí, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú kí wọ́n sì máa padà sílé. Ìgbà náà ni mo rántí pé ìyá màmá mi bá ọmọ wọn lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì pẹ́ gan-an kí wọ́n tó dé. Wọ́n sọ fún àwa ọmọdé pé ọjà ni wọ́n lọ.

Òfin tí a ń lò tẹ́lẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí fún ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ, láti ayé ìjọba òyìnbó ní 1916 ló ti ṣẹ̀ wá, wèrè gan-an ni wọ́n sì fi pe orúkọ rẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó ní a kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀tanú sí ẹni tó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnu aráàlú kì í tètè yí padà bí ìwé òfin. Síbẹ̀, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ohun tí ẹ bá fi pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀yin náà lẹ máa fowó ara yín wá a jáde lẹ́yìn oṣù kan.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù, ó sọ ọ̀rọ̀ àṣírí kí n tó béèrè. Ohun tí mo bá sọ kò ní jáde, àfi tí òun bá rí i pé mo fẹ́ pa ara mi tàbí ṣe ẹlòmíràn léṣe, tàbí tí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé kan, tàbí tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Ó ní òun ní ọ̀gá kan tó máa ń yẹ iṣẹ́ òun wò, ṣùgbọ́n òun kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni fún un. Bí wọn kò bá sọ irú èyí fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ béèrè.

Ó wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Ó ní, "Àkúrẹ́ kò tóbi, mà. A lè pàdé ní Ọjà Ọba, a sì lè pàdé níbi òkú àgbà. Tá a bá pàdé, mi ò ní kọ́kọ́ kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àrífín. Tí ẹ bá kí mi, màá dáhùn. Tí ẹ bá kọjá, kò sí ohun tó bàjẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe mí bákan. Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí ẹni tó jù ú lọ tí kò ní kí i? Wọ́n á ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Ìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù tí mo rò ó ni mo rí i pé ṣe ló gbà kí wọ́n pe òun ní ọmọ tí wọn kò kọ́, nítorí kí ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi má baà béèrè pé níbo ni mo ti mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà yẹn ni n kò ti wo ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́.

Ó béèrè ohun tí òun á máa pè mí. Mo ní Mọ́mì Ayọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ fẹ́ kí n máa pè yín nínú yàrá yìí?" Mo dákẹ́. Oníbàárà ń pè mí ní Màdáàmù, ọmọ iṣẹ́ ní Ọ̀gá, ọkọ mi ní Ìyá Ayọ̀. Màmá mi nìkan ló ń pè mí ní Abọ́sẹ̀dé, wọ́n sì ti lọ. Mo ní kó máa pè mí ní Àǹtí Bọ́sẹ̀. Omijé ti dé ojú mi kí n tó parí gbólóhùn náà, a kò sì tíì sọ ohunkóhun.

Nígbà tí mo ń sunkún, kò sọ pé "ó ti tó, ẹ má sunkún mọ́." Ó kàn sún páálí tíṣù sítòsí mi, ó sì dákẹ́. A kò mọ irú ìdákẹ́ yẹn nílé wa. Tí ẹnì kan bá ń sunkún lọ́dọ̀ wa, ẹnu ogún ènìyàn ló máa pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yé mi pé àyè ló fi sílẹ̀ fún mi.

Mo ti múra láti ro gbogbo ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kò pọn dandan. Tí mo bá fọwọ́ sí ìwé, òun lè béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó lọ sí Kánádà. Ó bi mí pé, "Kí ni onítọ̀hún ṣe tó wúlò fún yín, kí ló sì ṣe tí kò wúlò?" Mo ní gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Irọ́ kejì mi lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ọkùnrin rere ni, àánú mi ń ṣe é tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ń sọ ohun tó dùn mí jù, ẹsẹ Bíbélì ló máa ń kà fún mi, ọ̀rọ̀ náà á sì padà sínú mi. Oṣù méje, n kò sọ fún un. Mo kàn ń mi orí pé ẹ ṣé, sà.

Mímirí yẹn ni ìdí tí mo fi ń kọ èyí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé ẹni tó bá ń ràn wá lọ́wọ́, ọpẹ́ nìkan ló tọ́ sí i. Ìwà rere ni, n kò ní kọ́ ọmọ mi ní òmíràn. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìtọ́jú mi jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ díẹ̀ nínú bí nǹkan ṣe ń lọ, nítorí n kò rí ẹni sọ fún mi. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá lè wá gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á san ìdajì owó. Tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó máa ń sọ fún mi, ó sì máa ń dùn mí bíi pé wọ́n ń lé mi, títí mo fi ṣàkíyèsí pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni mo máa ń fi ọ̀rọ̀ tó wúwo jù sí. Mo wá ń gbìyànjú láti fi í síwájú.

Ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án kan wà tó ń fún mi lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nípa bí ara mi ti rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, àárẹ̀, bóyá nǹkan ṣì ń wù mí ṣe. Láti 0 dé 3 ni ẹ máa dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, 27 ni gbogbo rẹ̀; bó bá ṣe pọ̀ sí i ni ìṣòro ṣe pọ̀ sí i. Tèmi jẹ́ 17 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn béèrè bóyá ó ti ń ṣe mí bíi pé ó sàn kí n kú. Mo fi àmì sí "ọjọ́ mélòó kan." Ẹ̀rù bà mí pé ó máa pariwo, tàbí pé ó máa pe ọkọ mi. Kò pariwo. Ó béèrè jẹ́jẹ́ bóyá mo ti ronú ọ̀nà tí màá gbà, bóyá ohun tí mo lè lò wà nílé, àti ẹni tó ń wà pẹ̀lú mi lóru. Mo ní rárá, ó kàn ń ṣe mí bíi kí n sùn kí n má jí ni. A jọ kọ orúkọ ẹni méjì tí mo lè pè nígbàkigbà. Ẹni tó bá ti ní ètò lọ́kàn, ẹ má dúró de ọjọ́ ìjókòó kankan o. Ẹ sọ fún ẹni tó wà nítòsí yín, kí ẹ sì jọ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan tún wà. Lọ́jọ́ ìjókòó kejì, mo kúrò níbẹ̀ lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ́ léèsì oníbàárà sílẹ̀, yáàdì márùn-ún, mo sì gé apá ọ̀tún méjì. Èmi tí mo lè gé bùbá nínú òkùnkùn. Mo san owó léèsì náà. Ara èèyàn máa ń rẹ̀ lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bíi pé ó ti oko dé, ní oṣù àkọ́kọ́ sì rèé, ṣe ni nǹkan tún le sí i fún mi kó tó rọ̀. Ní báyìí, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, n kì í gé aṣọ. Mo máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ rán bọ́tìnnì, èmi á jẹ iyán, èmi á sùn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló bi mí pé, "Àǹtí Bọ́sẹ̀, ṣé inú ń bí yín sí màmá?"

Mo ní, "Rárá o, mà." Mo mi orí. Mo dúpẹ́, mo dágbére. Nígbà tí mo dé òpópónà Oyèmẹ́kùn, gbogbo ara mi ti ń gbọ̀n. Ta ló ń bi ọmọ irú ìyẹn? Èmi tí mo wẹ̀ fún wọn fún ọdún mẹ́rin, tí mo ń yí wọn padà lẹ́ẹ̀mẹta lóru kí ẹ̀yìn wọn má baà dá egbò. Mo ní n kò lọ mọ́. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, n kò lọ, n kò sì pè.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́: "Ẹ káàsán, mà. A kò rí yín lónìí. Àyè yín ṣì wà ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ pé ohun kan tí mo sọ ló dùn yín, mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Mo kà á tó ìgbà mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ fún mi rí, pé òun fẹ́ gbọ́ ohun tí òun ṣe tó dùn mí.

Mo lọ. Mo di báàgì mi mú sórí itan, mo sọ ọ́. Mo ní ìbéèrè yín dùn mí, mo ní ẹ kò mọ màmá mi, mo ní ẹ kò mọ ohun tí mo ṣe fún wọn. Ohùn mi ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo ń retí pé ó máa ṣàlàyé ara rẹ̀, tàbí kó bínú. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Mo tètè béèrè jù, ẹ má bínú. Kí lẹ gbọ́ nígbà tí mo béèrè?"

Mo ní mo gbọ́ ọ bíi pé ó ń sọ pé n kò tọ́jú wọn dáadáa.

Bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi, mo mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Lọ́jọ́ ìsìnkú, níwájú àwọn àna wa, ó ní tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òun ní Èkó ni màmá wà ni, wọn kì bá tí kú. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀mejì péré láàárín ọdún mẹ́rin. Ìdáhùn mi nígbà náà? "Ẹ ṣé, bọ̀dá." Mo mi orí. Mo sì gbé abọ́ ọbẹ̀ síwájú rẹ̀.

Bíbí inú wà lóòótọ́, kò kàn sí níbi tí agbaninímọ̀ràn mi (Màdáàmù ni mò ń pè é) nawọ́ sí. Ká ní mo mi orí lọ bẹ́ẹ̀, a kì bá tí rí i. Lọ́jọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti sin màmá, mo sùn dé aago márùn-ún àárọ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo ohun tó bá dunni la máa fara dà níbẹ̀ o. Tí agbaninímọ̀ràn bá ń fọwọ́ kàn yín bí kò ṣe yẹ, tó bá ń yá owó lọ́wọ́ yín, tó bá gbé ọ̀rọ̀ yín lọ fún pásítọ̀ tàbí ọkọ yín láìgba àṣẹ, tó bá ṣèlérí pé ìjókòó mẹ́ta ti tó láti wo ohun gbogbo sàn, ẹ dìde kí ẹ máa lọ. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ sọ pé ohun kan dùn yín tó wá fi yín ṣẹ̀sín, ẹ kò jẹ ẹ́ ní ọpẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ ná. Ẹ jẹ́ kí ó rí àyè dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì gbà pé àdúrà ti tó. Mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń gbàdúrà, Màdáàmù kò sì bá mi jà lórí rẹ̀ rí. Oṣù tó kọjá, 8 ni ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án náà fi hàn.

Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí jọ lọ ra ata ní Ọjà Ọba. Mo gbójú sókè, mo rí Màdáàmù níwájú ìyá aláta kejì, ó ń ná tòmátì. Ó rí mi. Ó gbé ojú rẹ̀ padà sórí tòmátì rẹ̀, ó ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn nínú ọjà.

Mo ní, "Ẹ kú ọjà o."

Ó kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ọjà, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Ọmọ ta nìyẹn? Ó mà mọ ẹ̀kọ́ o."

Mo ní, "Ẹni tí mo máa ń lọ bá ní Ọjọ́bọ̀ ni."

Ó dúró díẹ̀. Ó ní, "Ẹni yẹn náà nìyẹn?" Ó tún wo ẹ̀yìn wò. Lẹ́yìn náà ló gba àpò ata lọ́wọ́ mi, a sì ń lọ.